Kí Ẹ Tó Gbé Báàgì Sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ ilé. Fún yàrá tàbí ilé bíi tiwa, owó ìdógò tí onílé máa gbà kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 5 lọ. Láàárín ọjọ́ 30, ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Èmi ò bèèrè. Nígbà tí mo ń kó jáde ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, onílé yọ owó kápẹ́ẹ̀tì tó ti ya kí n tó débẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Torí náà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo igun yàrá: ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, títí kan èbu dúdú abẹ́ fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ìyẹn GP. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ mú ìwé iná wá láti fi hàn ibi tí ẹ ń gbé, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ìlànà NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ò sọ ọ́ di dandan.

Aṣọ òtútù, ẹ má rà á nílé. Ibí ni kí ẹ ti rà á. Ní ti oúnjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀: iṣu, èlùbọ́ àti ata rodo wà ní Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham.