Winchester 94 Àtijọ́: Ṣé Yíyìn Ìbọn Yìí Ń Dín Owó Rẹ̀ Kù?

Ó lè dín in kù, àmọ́ ipò tí ìbọn náà ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ṣáájú 1964 ni àwọn tó ń kó ìbọn jọ ń wá jù, torí ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Winchester yí sí ọ̀nà ìṣe ìbọn tó dínwó. Bí tìrẹ bá ṣì wà nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni ò yìn ín rí, má yìn ín. Ohun tí olùrà ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Èyí tó ti bá ọdẹ wọ igbó fún 40 ọdún ńkọ́? Ogún ọta .30-30, irú ọta tí wọ́n sábà máa ń lò nínú ìbọn yìí, lọ́dún ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ìtọ́jú tí kò dáa ló ń bà á jẹ́ jù. Kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìbọn yìí kò gba ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu inú ìbọn tààrà, ẹnu rẹ̀ lo máa gbà nu inú. Bí ọ̀pá bá ń ha etí ihò yẹn, ọta ò ní lọ síbi tí o dojú ẹ̀ kọ mọ́, nítorí náà fi òrùka onídẹ sẹ́nu ìbọn kó lè mú ọ̀pá dúró láàárín ihò. Àwọn ọta àtijọ́ kan máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ìbọn, epo nìkan kì í sì í yọ ọ́: omi gbígbóná ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kí o nù ún gbẹ, kí o tó fi epo díẹ̀ pa á.

Má tọ́jú ẹ̀ sínú àpò awọ. Awọ ń fa ọ̀rinrin, irin á dógùn-ún. Àwọ̀ tó ti ṣá ńkọ́? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kíkùn ún lọ́tun ń gé owó rẹ̀ ju yíyìn lọ.