Dírẹ́sìn Oyin fún Sàláàdì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Bà Á Jẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú dírẹ́sìn oyin, ìyẹn àpòpọ̀ olómi tí a ń dà sórí sàláàdì, máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó fọwọ́ kan ewébẹ̀ rárá. A da òróró sínú abọ́, a da oyin lé e lórí, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹ lè rò ó títí apá á fi máa ro yín, oyin ò ní gbà. Á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́, òróró á léfòó sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bù ú á jẹ òróró lásán, ẹni tó bu ti ìkẹyìn ni gbogbo àdídùn á já lé lórí. Inú omi ni oyin ti ń yòrò, kì í ṣe inú òróró, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iyọ̀. Ohun tó jẹ́ omi nínú dírẹ́sìn kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà lọ.

Nítorí náà, ibi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un sínú ìgò tó ní ọmọrí, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ àti oyin sí i, ẹ dé e, ẹ mì í títí ẹ ò fi ní rí oyin nísàlẹ̀ ìgò mọ́. Bí mọ́sítáàdì bá wà nílé, ẹ fi ṣíbí tíì kan sí i. Òun ló ń di omi àti òróró mú kí wọ́n má tètè pínyà. Ẹ̀yìn èyí ni òróró tó ń wọlé, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mì í lọ. Tó bá ti ki díẹ̀, tí kò mọ́ gaara mọ́, ó ti dé ibi tó yẹ. Tó bá pínyà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Ẹ tún un mì ni.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ alásè ń lò ni òróró mẹ́ta sí ohun kíkan ẹyọ kan: ṣíbí ńlá 6 òróró, ṣíbí ńlá 2 omi ọsàn, ṣíbí tíì 1 oyin, tó bá pọ̀ tán, 2. Ọ̀rọ̀ oyin yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣejù. Wọ́n á ní oyin ṣáà ni, oyin ò lè burú, ni wọ́n bá da ìdajì ago sí i. Iṣẹ́ oyin níbẹ̀ ni kó gé ẹnu ọsàn wẹ́wẹ́ kù. Kì í ṣe pé kó sọ kábéèjì di súìtì. Àwa tí a fi gaàrí Ìjẹ̀bú dàgbà kọ́ ló yẹ kó máa sá fún ohun tó bá kan lẹ́nu. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ má fi ìka tọ́ ọ wò, torí lórí ahọ́n lásán, gbogbo rẹ̀ á le koko. Ewé kábéèjì kan ni kẹ́ ẹ tì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

Àwọn kan tún ń po oyin mọ́ kírímù sàláàdì inú ìgò. Ṣúgà ti wà nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi ò rí ohun tí oyin ń wá níbẹ̀.

Òróró wo? Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà tó mọ́ ń ṣe é dáadáa, kò pọn dandan kó jẹ́ ólífì. Òróró tí ẹ ti fi dín dòdò láàná ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ o, òórùn iná ti wà lára rẹ̀. Òróró ólífì inú ìgò kékeré tí ẹ rà fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti àdúrà. Wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí òmíràn nínú wọn.

Oyin fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tó bá rà á nínú ike omi lẹ́bàá títì máa ń ní àdánwò tirẹ̀: wọ́n ní èèrà kì í jẹ ojúlówó, wọ́n ní ìṣáná tí a rì bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ jó, wọ́n ní tí a bá kán an sínú omi, á rì lọ sísàlẹ̀. Èèrà ń jẹ ojúlówó oyin dáadáa. Ìṣáná kàn ń sọ bóyá omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi ki náà ń rì sínú omi. Ẹ ra oyin lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé rẹ̀, ìyẹn sàn ju ìṣáná lọ. Àwọn kan sì máa ń da oyin nù nítorí pé ó dì, tó ní kóró-kóró nínú. Ojúlówó oyin ń dì, àgàgà níbi tó bá tutù, kì í sì í ṣe àmì ayédèrú. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á yọ́ padà. Ẹ má gbé e kaná.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí sàláàdì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òde ti ń dàrú. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé wo ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kì í gbàlejò? Ìyàwó ilé á ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, dírẹ́sìn, kábéèjì, kùkúḿbà, kó lè ráyè lọ wo àwọn regbéregbé àti àwọn ẹlẹ́ṣin. Nígbà tó bá fi máa darí dé pẹ̀lú àlejò, kábéèjì ti rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kùkúḿbà ti ń yọ̀ lọ́wọ́, omi tí kárọ́ọ̀tì ti pa láwọ̀ á ti gun ìsàlẹ̀ abọ́ sókè. Iyọ̀ àti oyin ló fa omi jáde lára ewébẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ lè dúró de àlejò, sàláàdì kò lè dúró. Ẹ gé ewébẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi dírẹ́sìn sínú ìgò tirẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti jókòó ni kẹ́ ẹ pò ó.

Kábéèjì tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá láti Òkè Ọya sí Ṣàgámù yẹ kí a fọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ lẹ́yìn fífọ̀. Òróró kì í dúró lára ewé tó tutù.

Èyí tó léwu ni áyù. Àwọn kan máa ń gún áyù tútù sínú òróró, wọ́n á gbé e sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè wọ̀ ọ́ lára. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, ibi tí afẹ́fẹ́ ò bá sí ló ti ń ráyè ṣe májèlé, inú òróró sì nìyẹn. Oúnjẹ náà lè má yí òórùn padà. Dírẹ́sìn tó bá ní áyù tútù, fíríìjì ni kó wà, kó má sì kọjá ọjọ́ 4. Tí iná bá lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ dà á nù. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, ẹ po ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Èso kòkòrò yìí kan náà, ìyẹn ohun tín-ín-tín tó ń hù di kòkòrò, lè wà nínú oyin tó dára, síse kì í sì í pa á. Ikùn àgbàlagbà máa ń borí rẹ̀, ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò lè ṣe é. Ẹ má fi ṣíbí dírẹ́sìn kan ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, bó ti wù kó máa na ọwọ́ sí i tó. Mo mọ̀ pé níbi ìsọmọlórúkọ, oyin wà lára ohun àdúrà. Kí wọ́n gbàdúrà sí i, kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò, kí àwọn ẹbí tó kù náà tọ́ ọ wò. Ti ọmọ tuntun lè dúró di ìgbà tó bá pé ọdún kan.