Bí A Ṣe Ń Lo Warfarin, Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì, Láìfi Ẹ̀mí Wewu

Ọdún mẹ́fà rèé tí màmá mi ti ń lo warfarin. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ òsì wọn lẹ́ẹ̀kejì ni dókítà sọ fún wa pé títí ọjọ́ ayé wọn ni wọn yóò máa lò ó. Èmi ni mo ń tọ́jú oògùn náà, èmi ni mo sì ń kọ èsì àyẹ̀wò wọn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni ohun tí ìbá wù mí kí ẹnì kan ti jókòó sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ oògùn náà fún wa. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fún yín ní oògùn mìíràn, tàbí tí ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ kàn yín lára, mọ̀ pé ẹ ń lo warfarin kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mú kí ó dì, kí ojú ọgbẹ́ lè pa dé. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe wọ́n, kò sì lè ṣe mẹ́rin nínú wọn dáadáa láìsí vitamin K tí a ń rí nínú oúnjẹ. Warfarin a máa dí vitamin K yìí lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó dì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, àti ẹni tí wọ́n fi fáàfù onírin (ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) sí lọ́kàn. Kì í yára ṣiṣẹ́: hóró tí ẹ bá lò lálẹ́ òní, ó di ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ipa rẹ̀ tó hàn nínú àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá ti ń lò ó, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ fún yín pé oògùn eku ni. Aládùúgbò wa kan sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oògùn náà tì lọ́sẹ̀ náà gan-an. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn màlúù ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà ń ṣẹ̀jẹ̀ kú lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ koríko kan tí ó ti bu. Karl Paul Link, onímọ̀ nípa kẹ́míkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin wá rí èròjà tí ó ń fa á nínú koríko náà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe warfarin. Ní 1948 wọ́n ń tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn eku. Nígbà tí ó di 1954, wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn. Ìwọ̀n ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Miligíráàmù díẹ̀ tí wọ́n ń fi àyẹ̀wò ṣọ́ ni dókítà kọ fún yín, bí ẹ bá sì fi ìbẹ̀rù pa á tì, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì rí lè tún dì.

Àkókò àti àyẹ̀wò

Ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àwa yàn, ìdí rẹ̀ sì ni pé bí èsì àyẹ̀wò bá jáde lọ́sàn-án, tí dókítà sì fẹ́ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ó ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ sì rántí kí ọjọ́ náà tó parí, ẹ lò ó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ẹ fi ti àná sílẹ̀, ẹ lo ti òní nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fo ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti dí àlàfo náà. Ìwé eléwé ogójì lásán ni a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ tiwa: ọjọ́, iye miligíráàmù, àmì pé wọ́n ti lò ó, àti èsì àyẹ̀wò tí a fi bírò pupa kọ. Ó ti gbà wá lọ́wọ́ iyàn púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè rántí dájú bóyá òun lo oògùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday.

INR ni orúkọ àyẹ̀wò náà, ó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì hàn. Ẹni tí kò lo oògùn yìí, INR rẹ̀ a máa wà ní nǹkan bí 1. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó, àárín 2 sí 3 ni dókítà ń fẹ́. Fún àwọn mìíràn tí wọ́n ní fáàfù onírin, ó lè fẹ́ kí ó gòkè díẹ̀ sí i, bíi 2.5 sí 3.5. Ẹ béèrè èyí tí ó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ wá ní gbogbo ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ti dúró sójú kan, ó lè di ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé owó àyẹ̀wò ń dun ni, nítorí àpò ara wa ni a ti ń san án. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ owó náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú owó oògùn, nítorí warfarin láìsí àyẹ̀wò dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wa ọkọ̀ ní òru láìtan iná.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí hóró oògùn náà fúnra rẹ̀, pàápàá fún àwọn tí ọmọ wọn ń fi oògùn ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ dá a mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hóró pínkì jẹ́ miligíráàmù 5. Ní Amẹ́ríkà, miligíráàmù 1 ni hóró pínkì. Ẹni tí ó ti ń lo pínkì ti Amẹ́ríkà tí ó wá bọ́ sórí pínkì ti Lọ́ńdọ̀nù láìka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ti lo ìlọ́po márùn-ún ohun tí dókítà kọ fún un. Nọ́ńbà tí ó wà lára páálí ni kí ẹ kà, kí ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ kó pọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè

Ní ọdún kejì tí màmá mi bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, orúnkún ń dùn wọ́n, inú sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo wà níbi iṣẹ́. Wọ́n rán ọmọ kan lọ sí kẹ́míìsì kan ládùúgbò, ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì da oríṣiríṣi hóró pọ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, kò kọ orúkọ kankan sí i, kò sì béèrè oògùn tí ìyá náà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìrọ̀rí wọn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Erìgì wọn ni ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti òru, ìtọ̀ wọn sì ti pọ́n bí omi zóbò. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, INR wọn ti di 7.8. Wọ́n dá warfarin dúró, wọ́n fún wọn ní vitamin K, wọ́n sì dá wa dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Apòògùn tú ìyókù inú náílọ́ọ̀nù náà sórí bébà funfun, ó ń fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Màmá, ta ló fún yín ní eléyìí?” Flagyl wà níbẹ̀, ibuprofen náà sì wà níbẹ̀.

Flagyl kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lo warfarin tán, nítorí náà ni oògùn náà ṣe ń ga sókè nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé a fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Septrin ń ṣe bẹ́ẹ̀, fluconazole tí a ń lò fún àrùn tí ń mú kí ojú ara obìnrin máa yún ń ṣe bẹ́ẹ̀, ciprofloxacin pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ibuprofen àti diclofenac ń gbà ṣe tiwọn: wọ́n ń họ inú ikùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ra níbi tí ó ti ya. Aspirin wà nínú ìdílé yìí, Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré sì ní aspirin nínú. Bí orí tàbí ara bá ń dùn yín, paracetamol ni kí ẹ béèrè fún, àmọ́ bí ẹ óò bá lò ó fún ọjọ́ púpọ̀ léraléra, ẹ sọ fún dókítà, nítorí òun náà lè gbé INR sókè. Àwọn oògùn kan tún wà tí wọ́n ń fa INR wálẹ̀, bíi rifampicin tí a fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ àti carbamazepine tí a fi ń tọ́jú wárápá. Bí wọ́n bá ti fi oògùn tuntun kún tiyín, tàbí tí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ óò tún ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà. Bí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀ tàbí ẹ ń ṣu gbuuru, tí ẹ kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àyẹ̀wò tún kan nìyẹn.

N kò bú àgbo, inú àgbo ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n àgbo tí ẹ rà lónìí kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ẹ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà kò sì lè fi ìwọ̀n warfarin bá ohun tí kò ní ìwọ̀n mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí, àti aáyù tàbí atalẹ̀ tí a gún mu ní ife-ife. Èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀fọ́, ààwẹ̀, abẹ́rẹ́

Wọ́n sọ fún màmá mi pé kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, wọ́n sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lóòótọ́, vitamin K pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tútù bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugwu àti ewédú, ohun tí a sì ń wá ni kí iye tí ẹ ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ má ṣe yí padà lójijì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, dókítà yóò fi oògùn bá a mu. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ewé ugwu tí wọ́n ń fún lómi, tí wọ́n ń pò mọ́ mílíìkì pé kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ife kan rẹ̀ kó ewé tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀ kan mọ́ra, ó sì lè fa INR wálẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, ti Ramadan ni o tàbí ti ìjọ, kí ó sọ fún dókítà ṣáájú. Hóró ìrọ̀lẹ́ lè bọ́ sí àkókò ìṣínu, àmọ́ oúnjẹ tí ó dínkù lè gbé INR sókè.

Ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ ìdí tàbí ti apá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ ń lo warfarin. Ẹ̀jẹ̀ lè kó jọ sínú ẹran ara níbẹ̀, kí ó wú, kí ó sì le koko. Gbẹ́rẹ́ sínsín kò bá oògùn yìí lọ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ yọ eyín, ẹ sọ fún oníṣègùn eyín, kí ẹ má sì ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n lè yọ ọ́ láìdá a dúró, bí INR bá wà níbi tí ó yẹ. Obìnrin tí ó bá lóyún, tàbí tí ó ń retí oyún, kí ó tètè rí dókítà, nítorí warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, oògùn mìíràn sì wà tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí kò yẹ kí a dúró dilẹ̀

Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ìtọ̀ bá pọ́n, bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, bí nǹkan oṣù bá ń dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí bí orí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín gidigidi. Ẹni tí ó ṣubú tí ó fi orí gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí láìhàn síta. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dunni, bí èémí kò bá délẹ̀, bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọwọ́ kan kò bá lè gbéra, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá yín nílé.

Bí ó bá jẹ́ àwọn oògùn tuntun bíi rivaroxaban, apixaban tàbí dabigatran ni wọ́n kọ fún yín, ẹ kò nílò INR, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kò sì kàn yín, ṣùgbọ́n wọn yóò máa yẹ kíndìnrín yín wò. Wọn kì í pẹ́ lára, nítorí náà fífo ọjọ́ kan léwu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Rivaroxaban ti miligíráàmù 15 tàbí 20, oúnjẹ ni kí ẹ fi lò ó. Dabigatran, ẹ gbé e mì lódindi, kí ẹ má ṣe tú u, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nínú ohun tí wọ́n fi tà á. Wọn kì í fún ẹni tí ó ní fáàfù onírin ní ìkankan nínú wọn.

Páálí kékeré kan wà nínú pọ́ọ̀sì màmá mi báyìí, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó kí omi má baà bà á jẹ́. Orúkọ wọn ni ó wà lókè, nọ́ńbà fóònù mi ní ìsàlẹ̀, ohun tí mo sì kọ sáàárín gàdàgbà ni pé: “Mò ń lo warfarin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ọmọ mi kí ẹ tó fún mi ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ kankan.”