Bí a ṣe ń ya fọ́tò àwọn ẹyẹ tó ń wá sí ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò ẹyẹ sábà máa ń lé ẹyẹ kiri. Á gbé kámẹ́rà, á máa yọ́ rìn láti ìdí igi kan dé òmíràn, ìrù ẹyẹ tó ti gbéra ló sì máa ń bá lórí káàdì. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ wá bá yín. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú fọ́tò ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé ni a máa ń ṣe kí ẹyẹ tó dé: ẹ̀ka tí yóò bà lé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka náà, àti ibi tí oòrùn ti ń tàn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dára, ológoṣẹ́ lásán tó bá bà síbẹ̀ á dùn ún wò.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó wò wọ́n

Ẹ gbé kámẹ́rà tì fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ jókòó sójú kan ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa wo ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ ó rí i pé ẹyẹ kékeré kì í ṣàdédé já lu oúnjẹ. Ó máa ń kọ́kọ́ bà lé ẹ̀ka kan nítòsí, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àkókò díẹ̀ tó fi ń wò yẹn ni a fẹ́ yà.

Oúnjẹ àti omi

Hóró jéró àti hóró sunflower tí kò níyọ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ hóró. Ẹ má fún wọn ní búrẹ́dì tàbí ohun oníyọ̀. Àwọn tó ń jẹ kòkòrò kì í ka hóró sí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń mu omi, nítorí náà bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè gbé kalẹ̀, ẹ gbé omi. Àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí inú rẹ̀ kò yọ̀ ni kó jẹ́, kí omi rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5, pẹ̀lú òkúta kan láàárín tí ẹyẹ kékeré lè dúró lé. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀. Tí ẹ bá so ìgò tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu nídìí rọ̀ sókè rẹ̀ kí omi máa kán tó, tó, tó, ìró yẹn á tètè pè wọ́n.

Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ àwo oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, nítorí ibi tí ẹyẹ bá pọ̀ sí ni àrùn ti ń ràn. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó wú ìyẹ́ sókè, tó ń tòògbé, tí kò sì sá fún ènìyàn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè fọ́n ká. Ẹ tún wo fèrèsé: kí àwo oúnjẹ má jìnnà sí i ju mítà 1 lọ, tàbí kó jìnnà sí i ju mítà 10 lọ. Láàárín méjèèjì, ẹyẹ tó bá ta gìrì á ti gba eré kó tó fi orí sọ gíláàsì. Bí ológbò bá ń rìn ládùúgbò, kí igbó tó lè fara pamọ́ sí jìnnà sí àwo tó mítà 2 tàbí 3.

Ẹ̀ka náà

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ wá ẹ̀ka gbígbẹ tó ní èèpo, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Èyí tó bá nípọn á bo ẹsẹ̀ àti ikùn ẹyẹ. Ẹ dè é mọ́ ọ̀pá, kí ó ga díẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, kó sì jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50, kí àwo má bàa wọ inú fọ́tò. Ẹ gé ibi ìbà mìíràn kúrò nítòsí tó bá jẹ́ pé tiyín ni, nítorí bí ẹ̀ka mẹ́fà bá wà, èyí tí ẹ kò fẹ́ ni wọn yóò máa bà lé.

Ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí èyí: ẹyẹ máa ń dábùú ẹ̀ka tó bà lé. Bí ẹ̀ka bá na gbọọrọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún níwájú kámẹ́rà, àyà tàbí ẹ̀yìn ẹyẹ ni yóò kọjú sí yín. Ẹ yí ẹ̀ka náà kí orí rẹ̀ kan máa bọ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ yín, tàbí kí ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ àti ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ka. Kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jìnnà sí i tó mítà 5, jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àyè bá wà, kó lè yọ́ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ya ẹ̀ka náà lófìfo kẹ́ ẹ tó ya ẹyẹ kankan: wáyà, òpó, tàbí ojú ọ̀run tó ń yọ láàárín ewé á hàn síbẹ̀, ẹ ó sì lè sún àga yín. Kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oòrùn yọ àti wákàtí méjì kó tó wọ̀ ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán máa ń fi òjìji bo ojú ẹyẹ.

Lẹ́ǹsì àti bí ẹ ó ṣe jìnnà tó

Lẹ́ǹsì 300mm, ìyẹn lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, tó. Lórí kámẹ́rà oní-sẹ́ńsọ̀ APS-C (sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, APS-C sì kéré ju sẹ́ńsọ̀ ńlá, full-frame, lọ), ibi tó máa ń rí ní mítà 4 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31, nítorí náà ẹyẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 á gba ìdajì fọ́tò. Tí ẹ bá jókòó sí mítà 8, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló máa gbà. Ẹ wo ibi tó súnmọ́ jù tí lẹ́ǹsì yín lè mú, kẹ́ ẹ má bàa jókòó sí ibi tí kò ti ní rí nǹkan kan dáadáa.

Ẹni tó ní fóònù nìkan kò gbọdọ̀ gbára lé fífa àwòrán súnmọ́ra, ó máa ń ba ìyẹ́ jẹ́. Ẹ gbé fóònù sórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ẹ̀ka, kí ẹ fi rìmóòtù Bluetooth yà á láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kọ́kọ́ gbé páálí tó tóbi bíi fóònù síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè mọ́ wọn lójú.

Bí ẹ ó ṣe ṣètò kámẹ́rà

Ẹ fi ìyára ṣọ́tà (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú rẹ̀, tó sì ń pa á dé) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, kódà fún ẹyẹ tó bà, nítorí orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Èyí tó ń fò nílò 1/2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ojú lẹ́ǹsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, wà ní f/5.6 sí f/8, kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, wà lórí Auto, kó má kọjá 3200 tàbí 6400. Kí fókọ́ọ̀sì (ohun tó ń mú kí àwòrán dá ṣáká) jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn, kí ẹ sì gbé àmì rẹ̀ lé ojú ẹyẹ. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 400mm ní f/5.6, láti mítà 5, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 péré ló máa dá ṣáká lórí kámẹ́rà oní-sẹ́ńsọ̀ ńlá, kò sì tó bẹ́ẹ̀ lórí APS-C. Bí fókọ́ọ̀sì bá mú ìyẹ́ apá, ojú lè ti bọ́ sínú bàìbàì.

Ẹ máa ya mẹ́ta sí márùn-ún léraléra. Ṣọ́tà tí kì í dún kì í dẹ́rù bà wọ́n, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ó máa ń tẹ apá ẹyẹ tó ń fò kọrọdọ, nítorí kì í mú gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ funfun bíi lékèélékèé níwájú ewé tó ṣókùnkùn: ẹ lo bọ́tìnnì +/− láti sọ ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀ sí −1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á kàn funfun gbòò. Ẹyẹ tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀: +1 sí +2, kó má bàa dúdú bí òjìji.

Ìjókòó

Ẹ jókòó kí lẹ́ǹsì bá ojú ẹyẹ dọ́gba. Àwọ̀ aṣọ kò ṣe pàtàkì tó bí ẹ ṣe ń mira, nítorí náà kí kámẹ́rà ti dojú kọ ẹ̀ka kí ẹyẹ tó dé, lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí lórí àpò kékeré tí ẹ rọ hóró sí. Tó bá jẹ́ láti inú ilé, ẹ ṣí fèrèsé. Bí kò bá ṣeé ṣí, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé ẹnu lẹ́ǹsì súnmọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí, kó dojú kọ ọ́ gbọọrọ, má jẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìtẹ́ ẹyẹ kò sí lára èyí rárá. Ẹ má súnmọ́ ọn, ẹ má gé ewé tó bò ó. Òbí tó bá bẹ̀rù lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹranko tó ń jẹ ẹyin sì lè rí i.

Kí ló bà á jẹ́?

Bí gbogbo fọ́tò bá ṣe bàìbàì, ọwọ́ ló mì. Bí ẹ̀ka bá dá ṣáká àmọ́ tí orí ẹyẹ kò dá, ṣọ́tà ló lọ́ra. Bí ewé iwájú ló bá mọ́ kedere, fókọ́ọ̀sì ló ṣì í mú: ẹ dín àmì rẹ̀ kù sí ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ìyẹ́ bá dà bí ohun tí a fi ọ̀dà kùn, ISO ló pọ̀ jù, ẹ dúró de ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń yan èyí tẹ́ ẹ máa fi pamọ́, ẹ fẹ ojú ẹyẹ tóbi lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tí ojú rẹ̀ kò bá dá ṣáká, ẹ pa á rẹ́, bó ti wù kí apá rẹ̀ rẹwà tó. Nínú gígé, ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú àgógó ẹnu rẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Tó bá sì di pé ẹ ní láti gé ju ìdajì fọ́tò lọ kí ẹyẹ tó tóbi, ẹ sún àga yín mọ́ ẹ̀ka ní mítà kan lọ́jọ́ kejì.