Ẹni tó bá ń wá ilé lórí òkè n'Ílọrin
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó bá ń kó bọ̀ n'Ílọrin, tó sì fẹ́ ilé lórí òkè, ẹ má gbọ́kàn lé ẹnu ajẹ́ńtì. Gbogbo ilẹ̀ ni "òkè" lẹ́nu wọn. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ àmì tó dà bí abala ìwé tó gorí ara wọn, ẹ mú Terrain, kí ẹ wá sún un mọ́ra dáadáa. Ibi tí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn lórí máàpù náà bá ti fún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ títẹ́jú ni. Ẹ fi Òkè Sobi dán an wò kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó wo ìhà Odò Asà tó la ìlú kọjá.

Àwòrán nìkan ò tó ṣá. Ẹ bi ọlọ́kadà pé àdúgbò wo ni ọ̀kadà òun ti máa ń kérora. Wọn kì í parọ́ ìyẹn, owó epo wọn ni. Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ yẹ ẹsẹ̀ ògiri wò bóyá omi ti fàmì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kànga ńkọ́? Orí àpáta kì í ṣe ibi tó rọrùn láti gbẹ́ ẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.