Àṣìṣe tó ń jẹ máàkì mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nínú àròkọ àfiwé A Level

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣe A Level lítíréṣọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ ìwé wọn dunjú, síbẹ̀ tí èsì bá dé, a ò ní rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò kàwé. Ohun tí ìbéèrè náà ń gba máàkì fún gan-an ni wọn ò mọ̀. Ìdánwò Prose ti àjọ ìdánwò Pearson Edexcel ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ti ń fi ìwé ìtàn àròsọ méjì wéra, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti jáde ṣáájú ọdún 1900.

Nóòtì àjogúnbá ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ mọ fáìlì yẹn: ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi gba A, àbúrò rẹ̀ lò ó, ọmọ ìyá ẹlẹ́gbẹ́ akọrin náà lò ó, ó wá kan ọmọ tiyín. Ní 2015 ni wọ́n yí ìlànà A Level yìí padà, ọdún 2017 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ìdánwò. Kó tó dìgbà náà, mẹ́rin ni àfojúsùn (Assessment Objective, AO) tí wọ́n ń máàkì lé lórí, AO1 dé AO4. AO1 ni bí ọmọ ṣe ń gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀, AO2 ni ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé lò. AO3 ni ìfiwéra nígbà náà, AO4 sì ni àsìkò àti àwùjọ tí ìwé ti jáde. Lónìí wọ́n ti pàrọ̀ ipò: AO3 ni àsìkò àti àwùjọ, AO4 ni ìfiwéra, wọ́n sì fi AO5 kún un, èyí tó jẹ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà túmọ̀ ìwé kan. Nítorí náà, nóòtì yòówù tí ẹ bá rí AO mẹ́rin péré nínú rẹ̀, ti àtijọ́ ni. Àlàyé tó ṣe nípa ìtàn lè wúlò. Ìmọ̀ràn tó fún ọmọ nípa máàkì ni kí ẹ má gbà.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni nóòtì ọ̀rẹ́ tí ilé ìwé rẹ̀ ń lo àjọ ìdánwò mìíràn. AQA máa ń wo AO márààrún nínú gbogbo ìbéèrè. Nínú àròkọ àfiwé ti OCR, AO3 nìkan ló kó ìdajì máàkì. Ní Prose ti Edexcel, 40 ni gbogbo máàkì, AO1 dé AO4 ni wọ́n ń wò, AO5 kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tó wá há orúkọ lámèyítọ́ márùn-ún sórí, tó ń tò wọ́n sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, òfo ló ń ṣe. Bí èrò ẹnì kan bá ta tìrẹ jí, mẹ́nu bà á kó o kọjá.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni AO4. Àṣìṣe tí gbogbo olùkọ́ ń pariwo rẹ̀ ni ti ọmọ tó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìwé kìíní tán, tó kọ "bákan náà", tó wá bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, wọ́n ti jáwọ́. Àṣìṣe tí wọ́n bọ́ sí báyìí ló ṣòroó rí: gbólóhùn àfiwé tó jẹ́ òótọ́ àmọ́ tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo ìwé méjì tí wọ́n sábà máa ń kà pọ̀, Frankenstein tí Mary Shelley kọ ní 1818 àti The Handmaid's Tale tí Margaret Atwood kọ ní 1985. Ọmọ á kọ ọ́ pé, "Nínú ìwé méjèèjì, àwọn obìnrin kò ní ohùn." Òótọ́ ni. Kí ló wá kàn?

Béèrè pé ọwọ́ ta ni ìtàn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú Frankenstein, Walton, arìnrìn-àjò ojú òkun, ló ń kọ ìtàn Victor, ọkùnrin tó dá ẹ̀dá abàmì kan, ránṣẹ́ sí arábìnrin rẹ̀, obìnrin tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Victor sì rí ohun tí Walton ń kọ sílẹ̀, ó gbà á, ó tún un ṣe, ó fi kún un. Ní ti Offred, obìnrin tó ń sọ ìtàn The Handmaid's Tale, inú kásẹ́ẹ̀tì ló sọ ìtàn rẹ̀ sí. Ìparí ìwé la tó mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Pieixoto, àti ẹnì kejì rẹ̀ ló dà á kọ, àwọn ló sì méfò bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe tẹ̀ léra. Ọwọ́ ọkùnrin ni ìtàn méjèèjì gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìjọra parí sí o. Victor fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìtàn ara rẹ̀ ṣe. Offred kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to tirẹ̀. Shelley gbé Walton síwájú, a mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé àgbọ́sọ ni. Atwood pa ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀ mọ́ títí a fi gba obìnrin náà gbọ́ tán. Ìpínrọ̀ kan tó bá sọ èyí ti mú AO2 àti AO4 pọ̀, nítorí ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi to ìtàn ló fi ń ṣe ìfiwéra.

Lórí AO3, ẹ má jẹ́ kí ìtàn ayé òǹkọ̀wé gba ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1803, Aldini, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, fi iná mànàmáná mú kí òkú ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹgi fún ní Lọ́ńdọ̀nù máa jà pìtìpìtì. Ìròyìn tó dùn ún sọ ni, àmọ́ ibi tí ẹ̀dá Victor ti lajú ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú àkíyèsí pé Shelley kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bí Victor ṣe ṣe é. Mànàmáná tó ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run nígbà tí ẹ̀dá náà ń lajú, inú fíìmù ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "June" tí àwọn ọmọ ń pe Offred: tẹlifíṣọ̀n ló fún un lórúkọ yẹn, ìwé kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa ní pàtó. Ẹni tó ń máàkì á rí i lójú ẹsẹ̀ pé fíìmù ni ọmọ yìí wò.

Ti pé wọ́n gbà kí ọmọ mú ìwé wọlé, kó má fi ìyẹn gbọ́kàn lé. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo àkókò, ìwé náà kò sì gbọdọ̀ ní àkọsílẹ̀ kankan nínú. Ẹni tí kò bá ti mọ ojú ìwé tó ń wá, yóò kàn máa ṣí i kiri ni. Àròkọ àkọ́sórí ńkọ́? Wọ́n bi í léèrè ìbẹ̀rù, ó kọ agbára. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó lẹ́sìnnì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé àjọ ìdánwò wo ló ń ṣe, AO wo ni ìbéèrè yìí sì ń máàkì. Bí ó bá ń wo òkè, ìlànà máàkì àwọn ọdún tó ti kọjá wà lórí ìkànnì Pearson, pẹ̀lú ìjábọ̀ àwọn tó máàkì wọn. Kí ọmọ tẹ ọ̀kan jáde, kó mú àròkọ tirẹ̀ kan tó ti kọ tẹ́lẹ̀, kó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ti fi ìwé méjèèjì wéra. Ìpínrọ̀ tí kò bá ní pupa kankan, kó tún un kọ kó tó sùn.