Ìpara Ìbóra: Ẹ Yé Fi Ọ̀rá Bò Ó

A ò kọ ìwé yìí láti ṣàlàyé ohun tí ìbóra ń fi awọ ara ṣe. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń sọ pé "díẹ̀ báyìí ni mo ń lò" la ń bá wí. Àṣìṣe kan náà là ń rí láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́: wọ́n á fi omi gbígbóná wẹ̀, wọ́n á fi kànìnkànìn ha ara bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, omi ò ní tíì gbẹ lára wọn tí wọ́n á ti para, wọ́n á wá fi ọ̀rá we oríkèé ọwọ́ tàbí kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, "kó lè wọlé."

Ó ń wọlé lóòótọ́. Èyí tó ń wọlé ló ti pọ̀ jù.

Awọ òkè tín-ín-rín yẹn ni ilẹ̀kùn. Omi gbígbóná àti híha ń ṣí i, ọ̀rá ń sé ooru mọ́ ọn. Kò sì nípọn bákan náà níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n fi hydrocortisone (steroid, oògùn tí wọ́n ń fi pa awọ tó bá wú tàbí tó ń yún) wọ̀n ọ́n, bí apá bá fa 1, iwájú orí ń fa 6, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ 13, awọ ẹpọ̀n 42. Àtẹ́lẹwọ́ kò tó 1.

Bí ẹ bá rí clobetasol (steroid tó le gan-an) lára túùbù, gíráàmù 50 lọ́sẹ̀ ni òpin rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2 péré. Àgbàlagbà tó bá fi ìpara pa gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan á lo nǹkan bí gíráàmù 30. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: àárọ̀ kan, alẹ́ kan, ti ọ̀sẹ̀ kan ti tán.

Ìyá kan ṣí ike àpòpọ̀ rẹ̀ hàn mí: túùbù mẹ́rin, hydroquinone (èròjà tó ń bó awọ), ó tún da ìpara ọmọ tuntun lé e kó lè ta sánsán. Ọmọ oṣù márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo ní ṣé ọmọ náà fẹ́ bóra ni? Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Èyí tí wọ́n bá kọ mercury tàbí calomel (irú mercury kan náà ni) sí lára, ẹ má rà á. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ọwọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì sì ń gbé e dé ara ẹni tí kò bóra rí.

Ẹni tó ti ń lo túùbù steroid látọjọ́ pípẹ́ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ó lè dá a wó. Ilé ìwòsàn ni kó lọ, kó mú túùbù àti ike náà dání. Ẹ má fọ ike náà kí ẹ tó mú un wá.